Iṣẹ́ Ìtọ́jú kan tí Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Lè Tìtorí Rẹ̀ Pààrọ̀ Iṣẹ́

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sínú ìwé ìròyìn wa lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ sàká, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ yóò rí i pé kò jìnnà sí ìrun kíkí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ti lé lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ báǹkì, iṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba tàbí òwò, ti ń béèrè bóyá ó bójú mu kí Mùsùlùmí fi iṣẹ́ tí ó ti mọ́ ọn lára sílẹ̀, kí ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ìlera. Iṣẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn sì ń dárúkọ jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà kò gbọ́ rí: occupational therapy. Ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà lọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ kì í ju gbólóhùn kan lọ, pé ẹni tí Ọlọ́hun ti fún ní iṣẹ́, kí ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ìdáhùn náà. Èrò tèmi ni pé bí ọ̀dọ́ kan nínú wa bá ní sùúrù tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́, tí ó sì ní ìwé tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọsìn ni pípààrọ̀ iṣẹ́ bọ́ sí ibẹ̀ lè jẹ́ fún un, àwa tí a kò sì tí ì ní irú wọn tó láàárín ara wa ni a jẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá àgbà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣubú, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rọ, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Dókítà fún un ní oògùn, nọ́ọ̀sì tọ́jú rẹ̀, oníṣẹ́ físíò sì na apá àti ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ dé ọjọ́ títí ìyá fi lè dìde dúró. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Nígbà tí ó dé ilé ni wàhálà mìíràn bẹ̀rẹ̀: kò lè dá wẹ̀, kò lè dá wọ bùbá, kò lè bẹ iṣu, kò lè lọ sí ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ kí ó dá fọ ara rẹ̀ mọ́, kò lè gbé búta àlùwàlá. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún un. Láìpẹ́ láìjìnnà, ẹni tí ó tọ́ ọmọ márùn-ún dàgbà di ẹni tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n sì ń gbé wọlé lálẹ́. Ibi tí àwọn oníṣẹ́ ìlera yòókù fi iṣẹ́ sí yìí gan-an ni occupational therapy ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú tí ń dá ìṣe ojoojúmọ́ padà sí ọwọ́ ènìyàn ni.

Oníṣẹ́ yìí kì í kọ́kọ́ béèrè bí apá ṣe le tó. Yóò jókòó ti ìyá, yóò sì wí pé, “Ìyá wa, kí ni ẹ máa ń ṣe láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kí àìsàn yìí tó dé, èwo nínú rẹ̀ ni ó sì dùn yín jù pé ẹ kò lè ṣe mọ́?” Bí ìyá bá ní ìrun ni, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní ọbẹ̀ sísè ni, wọn yóò jọ wọ ilé ìdáná. Yóò kọ́ ìyá pé apá tí ó rọ ni kí ó kọ́kọ́ ti bọ inú aṣọ, kí apá tí ó le tẹ̀lé e, àti pé bí ó bá fẹ́ bọ́ aṣọ, apá tí ó le ni kí ó kọ́kọ́ yọ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí létí ẹni tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ti tó láti gba aláìsàn lọ́wọ́ ìtìjú kí ẹlòmíràn máa wọṣọ fún un. Yóò ní kí kápẹ́ńtà kan ìṣó ńlá méjì gba inú pátákó kọjá, kí ṣóńṣó wọn yọ sókè, kí a lè fi iṣu gún un mọ́lẹ̀ kí ìyá sì máa fi ọwọ́ kan bẹ ẹ́. Yóò we fóòmù tàbí àkísà mọ́ ìdí ṣíbí kí ó nípọn, kí ọwọ́ tí kò lágbára lè dì í mú. Yóò ní kí wọ́n gbé àga sí balùwẹ̀, kí wọ́n kan irin mọ́ ògiri níbi tí ọwọ́ yóò ti máa dì mú, kí wọ́n sì mú ẹ̀rọ omi sọ̀kalẹ̀ sí ibi tí ẹni tí ó jókòó lè fi ọwọ́ kan ṣí i ṣe àlùwàlá.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìkan. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́ nígbà ìbí, tí kò lè di kálàmù mú lórí wàláà. Ọmọ tí ó ní ọ́tísìmù, tí ariwo ọjà tàbí aṣọ kan lásán ń kó ìdààmú bá. Géńdé tí ọ̀kadà gbé ṣubú tí ó pàdánù ìka ọwọ́. Ẹni tí àrùn ọpọlọ ti dá dúró tí kò ranti bí a ti í ṣètò ọjọ́ rẹ̀ mọ́: gbogbo wọn ni iṣẹ́ yìí wà fún.

Nísinsìnyí, kí ni ẹ̀sìn wa wí? ‘Imrān ọmọ Husayn, Sàhábà ọlọ́wọ̀, ní àìsàn jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì béèrè lọ́wọ́ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) bí òun yóò ti máa kírun. Hàdíìsì náà wà nínú ìwé al-Bukhārī. Ohun tí Ànábì sọ fún un ni pé kí ó kí i ní ìdúró. Bí kò bá lè dúró, kí ó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ìdáhùn náà. Kò sọ pé kí ‘Imrān lọ sinmi. Ọ̀nà tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà ni ó yí padà, kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ aláìsàn. Bí ẹ bá kó gbogbo ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní occupational therapy jọ, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí èyí.

Ṣùgbọ́n kí ni à ń rí nínú ilé àwọn Mùsùlùmí? Bí àgbà bá ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, àwọn ará ilé yóò ní ìrun ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ta ni ó bọ́ ọ? Níwọ̀n ìgbà tí làákàyè ènìyàn bá ṣì wà níbẹ̀, ìrun kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Bí yóò ti ṣe é ni ó yí padà. Àìmọ̀ ni ó fà á, àti pé kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀nà han ilé náà. Èmi lè wá sí ilé kan, kí n ka hàdíìsì ‘Imrān fún wọn, kí n sì ṣàlàyé táyámáámù. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ bí a ti í gbé ẹni tí ìhà kan ara rẹ̀ rọ láti orí bẹ́ẹ̀dì sí orí àga láì já èjìká rẹ̀. Ìmọ̀ méjèèjì ni ilé náà nílò.

Ìtàn mìíràn wà nínú Sunan Abī Dāwūd, nípa ọkùnrin ará Madinah tí ó wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ànábì. Ànábì béèrè ohun tí ó ní nílé, ó ta á ní dírhámù méjì, ó ní kí ọkùnrin náà fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó sì fi ìkejì ra irin àáké wá. Ànábì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki ẹ̀rú bọ̀ ọ́, ó ní kí ó máa gé igi tà, kí òun má rí i fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ó padà dé, ó ti ní dírhámù mẹ́wàá. (Àwọn onímọ̀ hàdíìsì kan ní ọ̀rọ̀ lórí àwọn tí ó gbà á wá, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa má ṣe gbàgbé ìyẹn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ bá ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn mu.) ‘Abdullāh ọmọ Ummu Maktūm ńkọ́? Afọ́jú ni, síbẹ̀ ó ń pe ìrun ní Madinah, Ànábì sì fi í ṣe adelé nígbà tí ó bá rin ìrìn àjò. Àwùjọ àkọ́kọ́ kò kó aláàbọ̀ ara sí ẹ̀yìn ilé.

Ohun tí ó ń mú mi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀ranyàn alájùmọ̀ṣe ni iṣẹ́ ìwòsàn nínú Islam: bí àwọn kan bá ń ṣe é tó, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù, bí kò bá sí ẹni tí ń ṣe é, gbogbo ìlú ni ó jẹ̀bi. Imām al-Ghazālī, tí ó kú ní ọdún 505 Hijra, ìyẹn 1111, ti ṣàròyé nípa èyí nínú Ihyā’. Ó ní àwọn ìlú kan wà tí kò sí oníṣègùn níbẹ̀ àfi ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń rọ́ lọ sídìí ìmọ̀ àríyànjiyàn òfin ẹ̀sìn, èyí tí àwọn tí ń ṣe é ti kún ilẹ̀. Ẹ wo ìjọ wa lónìí bóyá ọ̀rọ̀ náà ti gbó. Oníwáàsí kò wọ́n wa. Ẹ bá mi wá oníṣẹ́ occupational therapy kan péré tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní àdúgbò yín, kí ẹ tó wá bá mi jiyàn.

Ti àwọn arábìnrin wa tún le jù. Iṣẹ́ yìí wọ balùwẹ̀, ó wọ yàrá, ó kan aṣọ wíwọ̀ àti ara fífọ̀. Sharia yọ̀ǹda pé bí kò bá sí obìnrin, ọkùnrin lè tọ́jú obìnrin níwọ̀n tí àìsàn náà béèrè fún, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda yẹn kò gbọ́dọ̀ di ìrọ̀rí tí àwa yóò máa sùn lé. Bàbá tí ó ní òun kò fẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kan aya òun ní ilé ìwòsàn, tí ó sì tún ní ọmọbìnrin òun tí ó gba sáyẹ́ǹsì jáde kò gbọdọ̀ padà sí yunifásítì nítorí pé ó ti lọ́kọ, ta ni ó fẹ́ kí ó wá tọ́jú aya rẹ̀?

Ní ti àwọn tí ń sọ pé ó ti pẹ́ jù, ìtàn iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ dá wọn lóhùn, nítorí àwọn tí ó pààrọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. George Edward Barton, ayàwòrán-ilé ni ní Amẹ́ríkà. Ikọ́ ife bá a jà, wọ́n gé lára ẹsẹ̀ rẹ̀, ìhà òsì ara rẹ̀ sì tún rọ. Ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ gbà padà sí ẹnu iṣẹ́ ni ó sọ di ẹ̀kọ́ fún àwọn ẹlòmíràn, nínú ilé kan tí ó ń jẹ́ Consolation House ní ìlú Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1917. Dókítà alárùn ọpọlọ kan, William Rush Dunton, wà nínú wọn, ṣùgbọ́n olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni Susan Cox Johnson, Thomas Kidner sì ti ń bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Kánádà tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Elizabeth Casson ti kọ́kọ́ ń bójú tó ilé àwọn tálákà ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ní ọdún 1930 ni ó dá Dorset House sílẹ̀ ní Bristol, ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ yìí ní Bìrìtéènì. Bí ẹ bá sì fẹ́ àpẹẹrẹ láàárín àwọn onímọ̀ tiwa, alágbẹ̀dẹ àgádágodo ni al-Qaffāl al-Marwazī, aṣáájú nínú mádhábù Shāfi‘ī, orúkọ iṣẹ́ yẹn ni a ṣì fi ń pè é títí di òní. Àwọn òpìtàn sọ pé ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún kí ó tó jókòó sídìí fiqhu.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àṣà òyìnbó ni kí a máa fi iṣẹ́ wo ènìyàn sàn. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, ó fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí tí ń tọ́jú wọn. Wọ́n ń bá ará abúlé ṣe iṣẹ́ oko, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé ni ó wá kọ́ ọgbọ́n náà lọ́dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtara lásán kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà ní yunifásítì ní ilẹ̀ yìí. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ni. Ìjọba àpapọ̀ sì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan fún un ní Òṣòdì, ní Èkó. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọdún kan tún wà fún ìfiṣẹ́kọ́ra ní ilé ìwòsàn, kí ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ wọ̀nyí tó forúkọ ènìyàn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà tí ó bá jáde kò ní sin ìjọba ní NYSC, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un. Baọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣe àátì tàbí kọ́mẹ́ẹ̀sì ní girama, àfi kí ó tún jókòó ṣe ìdánwò náà. Ní ti owó, òfin owó-yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́ ti ọdún 2024 kò fi èlé sí i, ó sì wà fún àwọn tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹni tí ó bá ní aya àti ọmọ, kí ó rántí pé Ànábì kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ó bá fi àwọn tí ó ń bọ́ sílẹ̀ kí ìyà máa jẹ wọ́n. Kí òun àti aya rẹ̀ jọ ṣírò ọdún mẹ́fà náà lórí ìwé, kí wọ́n kọ iye owó ilé, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ àti oúnjẹ sílẹ̀, kí wọ́n mọ ẹni tí yóò máa gbé èwo. Ẹlòmíràn yóò rí i lórí ìwé yẹn pé àsìkò kò tí ì tó. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Kí ó sì kí ìrun istikhāra. Mo gbọ́dọ̀ dúró níbí díẹ̀, nítorí ohun tí àwọn kan ti sọ ọ́ dà láàárín wa. Istikhāra kì í ṣe yanrìn títẹ̀. Kì í ṣe ohun tí àlùfáà ń gba owó ṣe fún ènìyàn lóru kan, kí ó wá sọ láàárọ̀ pé òun rí funfun tàbí òun rí dúdú. Rákà méjì ni, yàtọ̀ sí ìrun ọ̀ranyàn, àti àdúà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ó dìde lọ wádìí, kí ó bi àwọn tí ó mọ̀ léèrè. Kò sí ibi tí a ti ní kí ó máa retí àlá.

Mo mọ̀ pé ìrìn àjò ni ó wà lọ́kàn àwọn kan. Òótọ́ ni pé wọ́n ń wá oníṣẹ́ yìí ní Bìrìtéènì, àti pé ẹni tí ó ti ní dìgírì mìíràn tẹ́lẹ̀ lè fi nǹkan bí ọdún méjì gba ti másítà tí ó ń múni wọ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Wíwá arísìkí kiri ilẹ̀ Ọlọ́hun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èmi kò sì ní fi wáàsí dí ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí físà nìkan ni ènìyàn ń wá, kí ó wá ọ̀nà mìíràn. Iṣẹ́ tí ó lè gba oṣù mẹ́ta kí àgbà kan tó lè di bọ́tìnnì ẹyọ kan kò ní dùn mọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Níhìn-ín pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni kò ní ẹ̀ka náà. Àwọn ẹbí aláìsàn yóò ní kí ó kàn bá àwọn fi òróró ra apá náà. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ayé ni ó ta ìyá lọ́fà, kí ni ti ṣíbí oníìdí nínípọn? Yóò máa ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ ọmọ kékeré rí, tàbí tí ó ti kọ́ àgbàlagbà ní álífù ní ilé-kéú, ó ti ní apá kan nínú sùúrù náà kí ó tó dé ibẹ̀.

Àwa aṣáájú ìjọ náà ní tiwa láti ṣe. Mọ́sáláṣí tí a fi àtẹ̀gùn gíga sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìsí ibi tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé, tí ibi àlùwàlá rẹ̀ jẹ́ kí a lóṣòó nìkan, ti sọ fún ìdajì àwọn àgbà wa pé kí wọ́n jókòó sílé. Owó tí a fi ń ra amúgbálẹ̀ ohùn tuntun lọ́dọọdún tó láti san owó ilé-ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, kí ó sì wá máa yẹ mọ́sáláṣí wa wò nígbà tí ó bá jáde.

Ọ̀dọ́ tí kò bá tí ì fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ yìí, kí ó má tí ì ra fọ́ọ̀mù JAMB. Kí ó kọ ìwé sí ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀ka náà, kí ó tọrọ àyè láti wà pẹ̀lú wọn fún ọ̀sẹ̀ kan lásìkò ìsinmi rẹ̀, kí ó rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú aláìsàn tí ń bínú, tí ń sunkún, tí ń tutọ́ sílẹ̀. Bí ó bá dé tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fà sí i, kí ó wá bá wa ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ Àìkú, kí ó sì mú èsì ìdánwò WAEC rẹ̀ dání.